Àwọn Ẹyẹ Àbàtà Lekki Tọ́ sí Àbẹ̀wò Wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú aápọn tí ẹ ń ṣe lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú igbó, ẹranko àti ẹyẹ ní Lekki, èyí tí a mọ̀ sí Lekki Conservation Centre, ló mú mi gbé kálàmù lónìí. Èrò kì í wọ́n níbẹ̀, pàápàá ní àsìkò ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ní ohun tí wọ́n rí, afárá orí igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Afárá náà dára, ó gùn tó mítà 401, láti ọdún 2015 tí wọ́n sì ti ṣí i ni òkìkí rẹ̀ ti kàn dé ẹ̀yìn odi. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí rò ni pé omi àti àbàtà tó wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tó fi ibẹ̀ ṣe ilé, tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ jí ní kùtùkùtù kí ó sì wọkọ̀ láti Agége tàbí Ìkòròdú wá wò, àti pé bí a kò bá tètè kọ́ láti máa wò wọ́n, a kò ní mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tán lọ.

Ní ọdún 1980 ni Olóyè Shafi Lawal Edu dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀, ní 1990 sì ni àjọ náà dá ọgbà Lekki sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, èyí tó ju pápá bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún lọ. Igbó, omi àti àwọn abúlé apẹja ló pọ̀ ní agbègbè náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá gba títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lónìí mọ̀ pé ilé ti yí ọgbà náà ká. Èyí gan-an ló fi yani lẹ́nu pé ènìyàn lè kúrò nínú ariwo ọkọ̀, kí ó san owó ìwọlé, kí ó sì bá ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ọ̀nà pákó tí wọ́n tẹ́ lé orí omi dúdú, tí igi ọ̀pẹ àti igi àbàtà ṣíji bò.

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀, mo ti bá àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ mi lọ, mo sì máa ń dá lọ. Ìṣe kan náà ni mo ń rí. Ibì kan wà lójú ọ̀nà pákó náà tí wọ́n kọ́ kí àlejò lè máa wo àbàtà láti ibẹ̀. Àwọn èrò a yà síbẹ̀, wọn a ya fọ́tò ara wọn, ẹnì kan a sọ pé kò sí nǹkan níbí, gbogbo wọn a sì kọjá lọ sídìí afárá. Ẹni tó bá dúró fún ìṣẹ́jú kan péré kò lè rí nǹkan lóòótọ́, nítorí ẹyẹ ti gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dé, ó sì ti fara pamọ́. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa mọ àṣírí yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọdẹ tó bá gun ẹ̀gùn lóru kì í wúkọ́, kì í sì í ṣí ìdí kiri. Ó ń dúró títí igbó yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ awòyẹ kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé awò tí ń sún ọ̀nà jíjìn mọ́ni ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀ dípò ìbọn. Bí ẹ bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ tàbí ń tan orin sórí fóònù, àbàtà náà yóò ṣí sílẹ̀ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú lè rí ní etí omi ní agbègbè wa. Ẹyẹ kan wà tí ń rìn lórí ewé òṣíbàtà. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ọrùn rẹ̀ funfun, awọ búlúù kan sì wà níwájú orí rẹ̀ tó bá àwọ̀ ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà gùn gbọọrọ ju bó ṣe yẹ ẹyẹ kékeré lọ, èékánná wọn sì tún gùn lé e, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá tẹ ewé, gbogbo ìka yóò tẹ́ rẹrẹ, ìwúwo ara rẹ̀ yóò pín káàkiri, ewé yóò sì wọ omi díẹ̀ láìrì tán. Kí omi tó ráyè bo ewé náà, ẹyẹ ti bọ́ sórí òmíràn, ó ti ṣa kòkòrò kan jẹ lábẹ́ etí rẹ̀. Ìwà rẹ̀ nínú ilé tún ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Akọ ló ń sàba lórí ẹyin, akọ náà ló ń tọ́ ọmọ, nígbà tí abo bá sì ti yé ẹyin tán fún ọ̀kan, ó lè lọ yé fún akọ mìíràn. Bí ewu bá súnmọ́ tòsí, bàbá àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀, yóò kó wọn sí abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, yóò sì gbé wọn sá lọ, tí ẹ ó fi máa rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà tó ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí ti gbọ́ ẹ̀kọ́ tí pátákó ìkọ̀wé kò lè kọ́ ọ.

Ẹyẹ apẹja tó ní àwọ̀ dúdú àti funfun kò ṣòro láti rí ní etí ọ̀sà wa. Òun kò bìkítà fún fífara pamọ́. Yóò dúró lójú kan lófuurufú lókè omi, apá rẹ̀ yóò máa jù fìrìfìrì, ẹnu rẹ̀ yóò sì kọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Lójijì, yóò já wọ omi jùà, yóò gbé ẹja jáde, yóò sì fò lọ sórí ẹ̀ka tàbí òpó kan, níbi tí yóò ti máa na ẹja náà mọ́ igi títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí ó tó yí i padà láti gbé e mì láti orí, kí ìpẹ́ àti lẹ́bẹ́ má baà há a lọ́fun. Mo ti rí àwọn ọmọ tó gbàgbé gúgúrú lọ́wọ́ nítorí eré yìí nìkan.

Nípa ti ẹ̀gà, kò sí ẹni tí kò mọ ariwo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wo ọwọ́ iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti so ilé wọn kọ́ sórí ẹ̀ka tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tó nà sórí omi, níbi tí ejò kò ti ní lè dé bọ̀rọ̀. Akọ ni ahunlé. Òrùka kan ni yóò kọ́kọ́ hun, yóò dúró sínú òrùka náà, yóò sì máa fi ẹnu fa ewé tútù wọlé wọ̀de títí yóò fi di ilé. Yóò wá rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa ju apá, yóò máa pe abo wá wò ó. Bí abo bá wọlé, tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ewé rẹ̀ sì ti ń gbẹ, akọ náà yóò tú u palẹ̀, yóò sì tún òmíràn hun. Ìgbà òjò ni eré yìí máa ń pọ̀ jù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní tirẹ̀ ni ìgbà àlejò. Gbogbo wa la ti na ìka sí lékeléke rí ní kékeré pé kí ó fún wa ní èékánná funfun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń pọ̀ ní ìhà gúúsù wa níbí, nígbà tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn a gbọ̀nà òkè Ọya lọ. Àwọn kan tún wà tí ọ̀nà tiwọn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, nínú àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń rí tí wọ́n ń fò kan omi, àwọn kan wà tó jẹ́ pé lábẹ́ òrùlé ilé ẹran ní ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti jáde nínú ẹyin. Ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju bíi gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ebbaken, lẹ́bàá Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń kóra jọ sùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iye wọn fi ń ju mílíọ̀nù kan lọ. Àṣá apẹja tó ń ti Yúróòpù wá náà máa ń wá lo ìgbà òtútù ìlú rẹ̀ ní etí àwọn ọ̀sà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ kékeré kan tó máa ń mi ìdí ṣáá bó ti ń rìn létí omi. Ẹni tó bá wo ẹyẹ ní Lekki nínú oṣù Kínní lè máa wo ohun kan náà tí ẹlòmíràn wò ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Jámánì nínú oṣù Kẹfà tó ṣáájú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti le díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹyẹ kò mọ ibi tí ọgbà pin sí. Hẹ́kítà 78 kò lè bọ́ gbogbo ẹyẹ tó ń sùn nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jáde lọ jẹun nínú àbàtà àti ipadò tó wà ní ìhà Ajá, Badore, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Àwọn àbàtà wọ̀nyẹn ni a ń fi yanrìn dí lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ yóò máa fa yanrìn láti inú ọ̀sà, wọn yóò máa dà á sórí ilẹ̀ olómi, nígbà tó bá sì fi máa di ọdún méjì, ẹ ó rí géètì ńlá pẹ̀lú orúkọ ẹ́sítéètì lára. N kò sọ pé kí ènìyàn má kọ́lé. Ilé ni èmi náà ń gbé. Ṣùgbọ́n omi òjò tí àbàtà náà ń gbà sára tẹ́lẹ̀ kò tíì rí ibòmíràn lọ, ìdí sì nìyẹn tó fi ń bá wa wọ yàrá nígbà òjò. Ẹja tí ń yé ẹyin sí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà (mangrove) náà kò rí ibi yé e sí mọ́, àwọn apẹja Makoko àti Ẹ̀pẹ́ sì mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá dí gbogbo omi tó yí ọgbà Lekki ká, yálà kí omi rẹ̀ gbẹ tàbí kí ó kún bo ọ̀nà pákó, afárá nìkan ni yóò kù fún wa láti máa gùn.

Ẹ wo ti àwọn aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1971 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Ramsar ní ilẹ̀ Ìránì, pé kí olúkúlùkù máa ya ilẹ̀ olómi rẹ̀ tó ṣe pàtàkì sọ́tọ̀, pàápàá nítorí àwọn ẹyẹ omi. Ilẹ̀ Olómìnira Benin fi ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìsàlẹ̀ odò Ouémé àti adágún Nokoué sínú ìwé náà ní ọdún 2000. Omi Àjàṣẹ́ yìí kan náà ló ṣàn dé Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ ló sì gba ipadò wọ ọ̀sà Èkó. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ti forúkọ ilẹ̀ olómi 11 sílẹ̀. Adágún Nguru ló ṣáájú, mẹ́wàá yòókù sì tẹ̀ lé e ní 2008. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú mọ́kànlá náà tó wà ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì. Omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ní ìhà kan ẹnubodè, ó ní orúkọ nínú ìwé àgbáyé. Ní ìhà tiwa, ó di ibi tí wọ́n ń gé ta ní púlọ́ọ̀tì. Mo bẹ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìyókù àbàtà Lekki, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì yẹ̀ wò kí wọ́n sì forúkọ wọn sílẹ̀, nígbà tó ṣì ku ohun tí a lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìjọba kì í sábà dáàbò bo ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ìyẹn ni mo fi ń tẹnu mọ́ àbẹ̀wò. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kó ọmọ lọ sí Lekki lè ní kí ọkọ̀ tètè gbéra, kí wọ́n sì lo wákàtí àkọ́kọ́ nídìí àbàtà kí oòrùn tó mú, nítorí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹyẹ máa ń jẹun jù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí ó ya ohun tó bá rí: báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe rí, kí ni ó ń jẹ, orí omi ni àbí orí igi? Awò kan láàárín ọmọ mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí kò tàn yòò ló dára jù, kí apá àti ẹsẹ̀ sì wà ní bíbò nítorí ẹ̀fọn. Ẹ má ṣe gbé oúnjẹ hàn lójú ọ̀nà, nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ yóò já a gbà, ọ̀bọ tó bá sì ti mọ adùn búrẹ́dì kì í fi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́rùn sílẹ̀. Mo tún bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù tan ohùn ẹyẹ kí ẹyẹ gidi lè jáde, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró, pàápàá ní àsìkò tí ẹyẹ ń sàba, nítorí ẹyẹ náà yóò rò pé ọ̀tá ti wọ ilé rẹ̀, yóò sì fi ẹyin sílẹ̀ láti wá jà.

Fún àwọn tó bá fẹ́ jinlẹ̀ sí i, iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 2015, tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos ń darí, láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, nínú irú ẹyẹ tó lé ní 900 tí a ní. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan tó tó kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti ní òòró, àwọn ará ìlú tó ti kọ́ iṣẹ́ náà ló sì ń jáde lọ kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sórí fóònù. Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò, awakọ̀, ẹni tó bá ní sùúrù lè ṣe é.

Ìbéèrè kan kù tí mo ní fún ẹ̀yin fúnra yín, Olóòtú. Ẹ̀yin ni ẹ mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọdẹ, apẹja àti àgbẹ̀ tó ṣì mọ orúkọ àwọn ẹyẹ omi ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ, Ìjẹ̀bú, Àwórì àti Ẹ̀gbá. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ni, orúkọ tí mo mọ̀ fún ẹyẹ orí òṣíbàtà yẹn, ti ìwé òyìnbó ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ gbé àwòrán ẹyẹ kan síbẹ̀, kí àwọn òǹkàwé láti ìlú dé ìlú sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ kejì oṣù Kejì tó dé, èyí tó jẹ́ àyájọ́ ilẹ̀ olómi ní gbogbo àgbáyé, yóò bọ́ sí àsìkò tí àwọn àlejò láti òkè òkun ṣì wà lórí ọ̀sà wa. Olùkọ́ èyíkéyìí tó bá fẹ́ kó ọmọ wá láàárín ìgbà náà, tí kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ yín. N óò bá wọn lọ, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ajá, Èkó.